Omi Àdúrà Ìyá Ìyàwó Mi àti Iyùn Ààyè Tó Fẹ́ Kú Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Ọjọ́ tí mo fi ẹ̀sùn kan omi àdúrà ìyá ìyàwó mi lójú gbogbo àdúgbò, tó wá jẹ́ pé òun ló mọ́ jù nínú gbogbo omi tó wà níbẹ̀, ọjọ́ náà kò lè pa rẹ́ lọ́kàn mi láéláé. Èmi rò pé iyùn inú àpótí gíláàsì mi ló wà nínú ewu. Ohun tó wà nínú ewu gan-an ni omi tí gbogbo wa ń mu, àti ọmọ ọwọ́ kan tí kò tíì lè dá jókòó.

Akọ̀ròyìn ni mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí jẹun. Mo ti jókòó ní kóòtù títí ìdí fi ń ro mí, mo ti dúró létí odò tó ya wọlé onílé, mo sì ti gbọ́ irọ́ lẹ́nu tálákà àti olówó. Nítorí náà, mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé ẹni tó bá gba ẹ̀sùn gbọ́ kó tó wádìí rẹ̀ kì í ṣe akọ̀ròyìn, òfófó ni. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn bí ẹ bá ṣe ń kà á lọ, kí ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín dáadáa.

Ẹ̀yìn Olódò ni à ń gbé, nínú ọgbà kan tí Alhaji, onílé wa, jogún lọ́wọ́ bàbá wọn. Kànga kan wà láàrin ọgbà náà. Bàbá Alhaji ló gbẹ́ ẹ nígbà tí gbogbo ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko kòkó. Kì í gbẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Omi rẹ̀ tutù, ó sì dùn. Bí ayálégbé tuntun bá kó dé, kó tó tú ẹrù rẹ̀, Alhaji fúnra wọn ló máa fa omi náà, tí wọ́n á bù ú fún un mu. Ẹni tó bá mu ún ti di ọmọ ilé nìyẹn. Ní ọgbà wa, èèyàn lè bú òjò, ó lè bú ìjọba, àmọ́ kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kànga yẹn láìdáa. Ará ilé tó bá tilẹ̀ fi omi inú ọ̀rá lọ àlejò, ojú tí a ó fi wò ó kò ní dáa. Èmi gan-an ti kọ ìròyìn nípa rẹ̀ rí, mo ní kànga tí kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn ni. Alhaji gé ìròyìn náà, wọ́n fi gíláàsì bò ó, wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀ wọn.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Èkó, tí a jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ló fẹ́ kó lọ sí òkè òkun. Àpótí gíláàsì ńlá kan wà nínú pálọ̀ rẹ̀. Omi iyọ̀ bíi ti òkun ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹja kéékèèké méjì aláwọ̀ ọsàn tó ní ìlà funfun lára, àti òkúta tí iyùn hù sí lórí. Èmi náà rò tẹ́lẹ̀ pé ìlẹ̀kẹ̀ lásán ni iyùn, pé ọrùn ọba ni wọ́n ti ń bí i. Àṣé ohun ẹlẹ́mìí ni. Ti ọ̀rẹ́ mi yìí kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń gbẹ́ sílẹ̀kẹ̀, àmọ́ ìbátan rẹ̀ ni. Ó ń na ọwọ́ wínníwínní bí ọmọ tó ń wá ọmú, bí a bá sì kan gíláàsì, á kó gbogbo ọwọ́ náà wọlé. Ọ̀rẹ́ mi ní òun kò lè gbé e wọ bàlúù. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí mo ti ní kó gbé e fún mi.

Bí a ṣe gbé e dé Ìbàdàn, ìtàn mìíràn ni. Kẹ́ẹ̀gì omi òkun kún ẹ̀yìn ọkọ̀, mo gbé ike tí iyùn wà nínú rẹ̀ lé itan, gbogbo kòtò tí awakọ̀ bá bọ́ sí ni omi iyọ̀ ń ta sí mi lára. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ní Olódò, ṣòkòtò mi ti gbẹ gan bíi pákó. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí ò bọ́. Ẹja yè, iyùn yè, inú mi sì dùn bíi ti ẹni tó bímọ ìbejì.

Omi òkun tí a gbé wá kò kún àpótí náà dé ìdajì. Ọ̀rẹ́ mi ti fún mi ní àpò iyọ̀ òkun, ó ní kí n máa pò ó mọ́ omi tí kò ní ohunkóhun nínú. Ó tún fún mi ní ohun èlò ìyẹ̀wò omi: ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, oògùn tí à ń kán sínú rẹ̀, àti páálí kan tí wọ́n kun àwọ̀ sí. Èèyàn á bu omi díẹ̀, á kán oògùn sí i, á mì ín, á dúró díẹ̀, á wá fi àwọ̀ tó bá yọ wé ti orí páálí. Bó bá ń bá a lọ ní ìyeyè, ó dára. Bó bá ń pọ́n, náítréètì ti wà níbẹ̀, ìyẹn ohun tó máa ń jáde lára ìgbẹ́ àti ajílẹ̀. Ohun tí koríko ń jẹ ni.

Mo pè é lórí fóònù lọ́jọ́ tí mo fẹ́ po omi.

"Irú omi wo lo fẹ́ lò?" ó bi mí.

"Omi tí kò lẹ́gbẹ́ ní gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́."

"Ṣé o ti sẹ́ ẹ?"

"Wọn kì í sẹ́ èyí tó ti mọ́ láti ilẹ̀."

Ó ní òun kò tíì rí irú omi bẹ́ẹ̀ láyé òun, ṣùgbọ́n àpótí ẹrù ló ń dì lọ́wọ́, kò ráyè bá mi jiyàn. Mo fa omi kànga wa, mo po iyọ̀ mọ́ ọn, mo dà á kún àpótí. Mo so pọ́ǹpù tó ń yí omi náà po àti iná rẹ̀ mọ́ sólà, torí bí a bá ní ká máa wo ojú iná ìjọba, ẹja á ti di yíyan.

Kò pẹ́ tí òkìkí fi kàn. Àwọn àgbà tó jẹ́ pé ibi tó jìnnà jù tí wọ́n lọ láyé ni Ìwó wá wo òkun ní pálọ̀ mi. Wọ́n ń kí mi kú orí ire. Nítorí pé a kì í lọ kí ẹlẹ́mìí tuntun lọ́wọ́ òfo, oníkálùkù ń mú nǹkan dání fún ẹja: ẹni yìí búrẹ́dì, ẹni yẹn ẹ̀kọ. Mo dúró ti àpótí náà bíi máígaádì, mo ń dúpẹ́, mo ń gba ẹ̀kọ lọ́wọ́ wọn, mo ń jẹ ẹ́ fúnra mi. Alhaji sọ pé bí ẹgbẹ́ onílé bá ti ṣe ìpàdé wọn tán ní Sátidé tó ń bọ̀, àwọn á kó gbogbo wọn wá wo iyùn ààyè. Mo ní kò burú. Mo tilẹ̀ ra àga sí i.

Ẹnìkan tó fẹ́ràn àpótí yìí ju èmi lọ ni Ìyá Ràmọ́tà. Yàrá tó kọjú sí tiwa ló ń gbé, ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ àjàgbé, kì í sábà sí nílé. Ọmọ ọwọ́ rẹ̀, Ràmọ́tà, máa ń ké púpọ̀, àmọ́ bó bá ti rí ẹja, á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ọmú obìnrin náà kò tó ọmọ náà mu, wàrà inú agolo ló ń pò fún un. Mo rí i tí ń se omi kànga títí yóò fi hó kùtùkùtù kó tó rọ ọ́ sínú fúláàsì. Ìyàwó mi máa ń yìn ín pé obìnrin tó mọ́ tónítóní ni.

Ẹnì kejì ni ìyá ìyàwó mi. Màmá wá ṣe ìtọ́jú ojú nílùú, wọ́n sì wà lọ́dọ̀ wa títí dókítà yóò fi ní kí wọ́n máa lọ. Ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni wọ́n. Kẹ́ẹ̀gì omi àdúrà wọn wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ẹja. Mi ò bi wọ́n nípa rẹ̀ rí. Ẹni tó ní omi òkun nílé, kí ló fẹ́ fi omi kẹ́ẹ̀gì ṣe?

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, wàhálà náà sì bẹ̀rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, nǹkan kan bíi lẹ́búlẹ́bú kòkó bo iyanrìn inú àpótí. Ọ̀rẹ́ mi ní gbogbo àpótí tuntun ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí n fara balẹ̀. Mo fara balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ewé omi dé, ìyẹn irú nǹkan tútù tó máa ń bo etí ìkòkò àmù tó bá pẹ́ lóòrùn. Ó bo òkúta, ó bo gíláàsì, ó gùn bí irùngbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun iyùn lórí. Iyùn kó ọwọ́ wọlé, kò nà án mọ́.

Mo gbé ohun èlò ìyẹ̀wò jáde. Omi inú àpótí pọ́n bí ọsàn. Ìwé tó bá oògùn náà wá ní kí n pààrọ̀ omi. Mo fa omi kànga wa tó mọ́ lóló, mo po iyọ̀ mọ́ ọn, mo pààrọ̀. Ewé náà gbèrú sí i. Mo tún pààrọ̀. Ó tún gbèrú. Mo wá ń pààrọ̀ omi lójoojúmọ́, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha gíláàsì, mo ń yẹ omi àpótí wò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ sì ń le sí i. Ọ̀rọ̀ mi wá dà bíi ti ẹni tó ń fọ́n àgbàdo fún adìyẹ aládùúgbò kó má baà wá sílé òun mọ́.

Mo ní kí n ṣe iṣẹ́ tí mo mọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Mo fi ọ̀rọ̀ wá ìyàwó mi lẹ́nu wò, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun kò ráyè fún ẹja ọbẹ̀ òun, ká má tíì sọ ti ẹja ẹlòmíràn. Mo bi Ìyá Ràmọ́tà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Mo máa ń rí Màmá láàárọ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe àdúrà tán, wọ́n á bu omi kẹ́ẹ̀gì yẹn díẹ̀ sínú àpótí ẹja. Mo rò pé ẹ mọ̀ sí i ni."

Mi ò tún rò pé ó yẹ kí n wá ẹlẹ́rìí kejì. Mo ti mú ọ̀daràn.

Sátidé dé. Alhaji ṣíwájú, ẹgbẹ́ onílé tẹ̀ lé wọn, pálọ̀ kún dé ẹnu ọ̀nà. Mo ti ha gíláàsì láti ìdájí, síbẹ̀ ńṣe ni àpótí náà tutù yọ̀yọ̀. Alhaji tẹ̀ ba, wọ́n fi ọwọ́ bo iwájú orí, wọ́n wo inú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Akọ̀ròyìn," wọ́n ní, "ṣé inú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ yìí ni iyùn náà wà?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá kan láti ẹ̀yìn bèèrè bóyá ọbẹ̀ ni a fẹ́ fi se, kí òun lọ mú iyán wá. Ìtìjú bò mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi nǹkan yangàn rí, ẹ mọ bí ìtìjú bẹ́ẹ̀ ṣe ń gbóná létí. Mo ní kí wọ́n má rẹ́rìn-ín, pé ẹnìkan ló ń da nǹkan sínú omi mi. Mo yíjú sí Màmá lórí àga wọn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń dà sínú omi yìí láràárọ̀?"

Ìyàwó mi fi ojú kan wò mí, irú ojú tí ọkùnrin máa ń rántí nígbà tí ebi bá ń pa á.

"Omi àdúrà ni," Màmá dáhùn wọ́ọ́rọ́wọ́. "Ohun ẹlẹ́mìí ni nǹkan yẹn, mo sì rí i pé ara rẹ̀ kò yá. Ṣé kí n kàn máa wò ó ni?"

Bí mo bá ti dákẹ́ níbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Ṣùgbọ́n akọ̀ròyìn fẹ́ fi ẹ̀rí hàn. Mo gbé ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta sórí tábìlì. Mo bu omi àpótí sí ọ̀kan. Mo bu omi àdúrà sí èkejì. Mo ní a nílò omi tó mọ́ délẹ̀ tí a ó fi wé wọn, kí ayé lè rí bí omi rere ṣe ń rí, mo sì bẹ Alhaji pé kí wọ́n fúnra wọn lọ fa omi kànga wá. Alhaji kó àgbàdá sí èjìká, wọ́n jáde, wọ́n fa omi náà, wọ́n gbé e wọlé bí ẹni gbé ife ẹ̀yẹ. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún kànga.

Mo kán oògùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo mì wọ́n. Bí a ṣe ń dúró, mò ń ṣàlàyé ohun tí náítréètì jẹ́ fún ẹgbẹ́ onílé, bó ṣe ń tinú ìgbẹ́ wá, bó ṣe ń bọ́ ewé. Mo sọ ọ́ dáadáa. N kò sọ̀rọ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ọdún tó ti pẹ́. Ẹ̀yìn ni mo kọ sí tábìlì. Ojú àwọn èèyàn ni mo fi mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Omi àpótí pọ́n bí ọsàn, a ti retí ìyẹn. Omi àdúrà Màmá wà ní ìyeyè gbáà, bó ṣe wà náà ló wà. Omi kànga wa pọ́n bíi sóbò.

Mo ní mo ti ṣi ìgò gbé. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe lójú wọn. Bákan náà ló rí. Alhaji ní oògùn mi ti bàjẹ́. Wọ́n ra omi inú ọ̀rá wá, mo yẹ̀ ẹ́ wò, ìyeyè. Bàbá tó fẹ́ mú iyán wá lẹ́ẹ̀kan binú jáde, ó gbé búta tó fi ṣe àlùwàlá wọlé, ó ní òun fẹ́ gba kànga náà sílẹ̀ lọ́wọ́ òpùrọ́. Omi inú búta pọ́n bíi sóbò. Bàbá náà wo búta rẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́rìí lòdì sí.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Ràmọ́tà la àárín èèyàn kọjá. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, fúláàsì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi máa ń se tèmi," ó ní. "Ẹ wo tèmi, ẹ̀gbọ́n. Mo máa ń sè é pẹ́."

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ó pọ́n ju ti kànga lọ.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Mo bọ́ sí bàráńdà, mo pe wolé-wolé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ tí mo mọ̀ nídìí iṣẹ́. Mo sọ ohun tí mo rí fún un. Kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní kí ọmọ náà má mu ún mọ́ láti ìṣẹ́jú yẹn. Ó ní sísè kò lè lé e lọ, ńṣe ni omi ń gbẹ lórí iná, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ ń ki sí i. Ó ní àgbàlagbà lè máà tètè mọ̀ ọ́n lára, àmọ́ ó lè má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ gbé afẹ́fẹ́ dáadáa, pé kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n wo ètè àti èékánná rẹ̀. Ìyàwó mi kò jẹ́ kí n parí àlàyé. Ó ti mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó ti di ọwọ́ Ìyá Ràmọ́tà mú, wọ́n ti lọ.

Alhaji jáde. Gbogbo wa tẹ̀ lé wọn. Wọ́n rìn yí kànga ká, wọ́n dúró ní ẹ̀yìn ògiri kúkúrú tó wà níbi tí ilẹ̀ ti ga ju kànga lọ. Ibẹ̀ ni ìgbẹ́ adìyẹ wà, òkìtì ńlá, láti ọgbà adìyẹ tí Alhaji dá sílẹ̀ lẹ́yìn tí oko kòkó ti tán. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó o jọ sí de àwọn àgbẹ̀ tó ń wá gbé e. Òjò ti fọ ìdí òkìtì náà, ipa dúdú rẹ̀ sì ṣàn wá sí ọ̀nà kànga. Kò sí ẹni tí kò tíì rí òkìtì yẹn nínú wa. Èmi fúnra mi ti bu níbẹ̀ fi gbin ilá.

Alhaji tú okùn kúrò lára igi kànga, wọ́n ká a, wọ́n mú rọ́bà ìfami, wọ́n kó méjèèjì fún mi.

"Bàbá mi gbẹ́ kànga yìí kí èèyàn lè mu," wọ́n ní. "Èmi ni mo kó ìgbẹ́ tì í."

Bàbá oníbúta ní kí Alhaji má sọ bẹ́ẹ̀, pé àmúwá Ọlọ́run ni. Alhaji mi orí. Wọ́n ní Ọlọ́run kò ní ọgbà adìyẹ.

Kí n sọ òtítọ́, iṣẹ́ mi ti gbé mi dé ọ̀pọ̀ ibi tí nǹkan ti bàjẹ́. Ohun tí mo sábà máa ń rí ni ìka tí ń nà sí ọ̀tún, tí ń nà sí òsì. Lọ́jọ́ náà, n kò rí ìka kankan. Ṣọ́bìrì ni mo rí. Àwọn tó wá wo iyùn bọ́ aṣọ ìpàdé, wọ́n wá báàgì, wọ́n ń kó òkìtì náà sẹ́yìn ọkọ̀ lọ sí oko Alhaji tó wà ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo bá wọn kó o. Oorùn rẹ̀ wọ inú irun mi. Síbẹ̀, mo fi àdúgbò wa yangàn nínú ọkàn mi ju bí mo ti fi òkun inú pálọ̀ yangàn lọ.

A ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí àwọn obìnrin dé láti ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ti yẹ ọmọ náà wò láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní ètè rẹ̀ pọ́n, èékánná rẹ̀ dára, pé kí wọ́n ṣáà pààrọ̀ omi, kí wọ́n sì tún gbé e wá kí òun lè wò ó. Alhaji sọ ṣọ́bìrì sílẹ̀. Pẹ̀lú ẹrẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n lọ bá ayálégbé tó kéré jù nínú gbogbo ọgbà náà níbi tó dúró sí.

"Ìyá Ràmọ́tà, ẹ forí jì mí," wọ́n ní. "Kì í ṣe èyí ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo bu omi fún yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dé."

Obìnrin náà kúnlẹ̀ kíá, ó ní kí Alhaji má ṣe bẹ́ẹ̀ fún òun. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹ̀rín sì wà nínú ẹkún náà.

Ó wá ku èmi. Mo yọ́ wọ ilé ìdáná, mo bá Màmá níbẹ̀, mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ láàrin ìkòkò.

"Rárá o, Bàbá Ṣadé," wọ́n ní. "Lójú èèyàn lẹ ti bi mí. Lójú èèyàn náà ni kẹ́ ẹ ti dọ̀bálẹ̀."

Mo jáde. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ọgbà, pẹ̀lú ìgbẹ́ adìyẹ lára, lójú Alhaji, lójú ẹgbẹ́ onílé, lójú bàbá oníbúta tó ń ka iye ìgbà tí mo fi àyà kanlẹ̀. Màmá gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ṣàdúrà gígùn, wọ́n sì fi ẹja mi kún un. Ìgbà tí mo dìde ni mo wá bi wọ́n léèrè ohun tó yẹ kí n ti bi wọ́n tipẹ́: níbo ni omi àdúrà yìí ti ń wá? Wọ́n ní omi òjò ni. Abọ́ funfun ni wọ́n máa ń gbé sí àárín gbangba, lẹ́yìn tí òjò bá ti kọ́kọ́ fọ ojú ọ̀run dáadáa, torí omi tí a fẹ́ fi gbàdúrà kò gbọdọ̀ kan òrùlé, kò sì gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Omi tí kò ní ohunkóhun nínú, tí ọ̀rẹ́ mi ń wí, ló ti wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀ mi láti ọjọ́ yìí wá.

Omi abọ́ Màmá ni mo fi ń po iyọ̀ báyìí. Ewé náà kò lọ lọ́jọ́ kan, àmọ́ ó ń fà sẹ́yìn, iyùn sì ti tún ń na ọwọ́. Ohun tí mo rí kọ́ kò ju èyí lọ: mo yẹ omi inú àpótí wò láàárọ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò nírọ̀lẹ́, mi ò yẹ èyí tí mò ń dà sínú rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí èèyàn bá fẹ́ràn jù ló yẹ kó kọ́kọ́ kán oògùn sí.

Wolé-wolé fúnra rẹ̀ dé ní ọjọ́ Ajé. Ó bu omi kànga sínú ìgò tirẹ̀, ó lẹ bébà mọ́ ọn, ó ní oògùn ẹja kì í ṣe ẹ̀rí níwájú ìjọba, àmọ́ ó ti tó láti fi ta èèyàn jí. Ó ní títí àbájáde yóò fi ti ilé àyẹ̀wò dé, aṣọ àti ilẹ̀ ni kí a máa fi omi náà fọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu ún, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ fi po ohun tí ọmọ yóò mu. Ó ní òun yóò tún padà wá bu omi náà nígbà tí òjò bá dá, torí ohun tó ti wọ ilẹ̀ kì í jáde lọ́jọ́ kan. Ó ní láàárín ìgbà náà, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ òun yóò wọ gbogbo ilé tó ní ọgbà adìyẹ lójú ọ̀nà yìí títí dé Lágelú, wọn yóò yẹ kànga kọ̀ọ̀kan wò. Ó ní àwọn onílé kan lè fárí gá, wọ́n lè lé àwọn síta, nítorí náà èmi ni kí n máa ṣíwájú àwọn wọlé.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ èmi.

Ó ní ẹni tó ti bá ìyá ìyàwó rẹ̀ ṣẹjọ́ lójú àwùjọ, tó sì jẹ̀bi, kò sí onílé tí yóò tún bà á lẹ́rù mọ́. Mo fẹ́ bínú. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde.